Agbára Ìlò-Òye Nínú Òfin àti Nínú Ìjọba

Kò sí aṣòfin kan, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, tí ó lè jókòó kí ó ka gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìlú láti òní títí di ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀. Bí òfin bá wí pé ẹni tí ó bá jalè yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n, òfin náà kò mọ ẹni tí yóò jalè. Ó lè jẹ́ gbajúmọ̀ ọkùnrin kan tí ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ kí ó lè ra ọkọ̀ kejì. Ó sì lè jẹ́ opó kan tí ó wa iṣu méjì nínú oko olóko nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì jẹun láti àná. Olè ni àwọn méjèèjì lójú òfin. Síbẹ̀, bí adájọ́ bá fún àwọn méjèèjì ní ìyà kan náà, gbogbo ẹni tí ó bá wà ní kóòtù ni yóò mi orí. Nítorí èyí ni òfin ṣe máa ń sọ ibi tí ìyà mọ, tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún adájọ́ láti díwọ̀n. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ báyìí, tí ó ní kí ẹnì kan wo ọ̀ràn kan ní àwòfín kí ó sì ṣe èyí tí ó bá rí pé ó tọ́, òun ni a lè pè ní agbára ìlò-òye.

Kì í ṣe adájọ́ nìkan ni ó ní irú agbára yìí. Ọlọ́pàá tí ó dá awakọ̀ dúró nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò tàn lè mú un lọ sí àgọ́, ó sì lè kìlọ̀ fún un kí ó ní kí ó lọ tún un ṣe. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá ọmọ kan lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí agogo ti lù lè jẹ ẹ́ níyà. Ó sì lè kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ó wá mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ni ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. Akọ̀wé tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìtajà, òṣìṣẹ́ ibodè, Gómìnà, Ààrẹ: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òfin kò fi nǹkan sí ní ìkáwọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ìlú kan ti rí, kí ó má ṣe wo ìwé òfin rẹ̀ nìkan. Kí ó wo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe ní ibi tí ìwé òfin ti dákẹ́.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí olóyè kan rò pé, nígbà tí òfin ti fi ọ̀ràn sí òun lọ́wọ́, bí ó bá ti wu òun ni òun lè ṣe é. Òye yàtọ̀ sí ìfẹ́-inú. Ẹni tí a ní kí ó lo òye ni a ti ní kí ó ronú, ìrònú kò sì lè ṣàìní ìdí. Ohun tí a torí rẹ̀ fún un ní agbára náà ni ó gbọdọ̀ máa wò, kì í ṣe ẹni tí ó jẹ́ ará ilé rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tí ó bú u ní ọdún tí ó kọjá. Ó sì gbọdọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀ràn náà yóò kàn. Àwọn àgbà kò fi èyí ṣe àwàdà rárá tí wọ́n fi ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Àwọn kan máa ń wí pé irú ìdíwọ̀n báyìí kò sí nínú ìṣèdálẹ̀ Yorùbá, pé ohun tí ó bá ti ti ẹnu ọba jáde, abẹ gé e. Wọ́n á ní orúkọ tí a ń pe ọba gan-an, Kábíyèsí, ni ẹ̀rí: ẹni tí kò sí ẹni tí ó lè bi í pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n orúkọ oyè nìyẹn. Bí ìlú ṣe ń ṣe ìjọba yàtọ̀ sí i. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì, tí í ṣe ìjòyè méje, wà níwájú Aláàfin, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí Aláàfin bá ń lo agbára rẹ̀ ní ìlòkulò, Baṣọ̀run lè sọ fún un ní orúkọ ìlú pé wọn kò fẹ́ ẹ mọ́, Aláàfin tí a bá sì sọ èyí fún kò gbọdọ̀ rí oòrùn ọjọ́ kejì. A ń bi ọba ní ìbéèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè tí a ń bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ibi tí ọ̀ràn náà ti burú ni pé Baṣọ̀run fúnra rẹ̀ lè ṣi agbára náà lò. Gáà, tí ó jẹ Baṣọ̀run ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, fi agbára ìkọ̀sílẹ̀ yìí pa ọba lórí ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1774. Idà kan náà tí ìlú fi dáàbò bo ara rẹ̀ ni ẹnì kan ṣoṣo gbà, tí ó sì ń bẹ́ orí kiri.

Ìtàn Èkó ní ẹ̀rí mìíràn tí ó ṣe kedere ju ti Ọ̀yọ́ lọ, nítorí pé ó wà ní àkọsílẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́. Ní ọdún 1901 ni Èṣùgbàyí Elékò jọba ní Èkó. Ogójì ọdún ti kọjá nígbà náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú náà lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ọba wà ní ìgà, ìjọba sì wà lọ́wọ́ Gómìnà. Ní ọdún 1920, nígbà tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀n nítorí ẹjọ́ ilẹ̀, Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékò lọ́wọ́. Ohun tí Macaulay sọ níbẹ̀ nípa ipò ọba Èkó bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Elékò tú ọ̀rọ̀ náà ká ní gbangba. Kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n sì sọ pé àwọn kò kà á sí ọba mọ́.

Ọ̀ràn náà ń ràn díẹ̀díẹ̀ bí iná abẹ́ eérú títí di ọdún 1925. Ní ọdún náà, àwọn kan nínú ìdílé ọba sọ fún ìjọba pé àwọn ti rọ Elékò lóyè. Ìjọba gbà á bẹ́ẹ̀; Ìbíkúnlé Akítóyè ni wọ́n sì kà sí ọba dípò rẹ̀. Ẹni tí ó ń di ipò Gómìnà mú nígbà náà wá kọ ìwé àṣẹ pé kí Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó. Nígbà tí kò kúrò ní àkókò tí wọ́n dá fún un, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Òfin kan wà tí ìjọba gbára lé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1917. Ó tọ́ kí ènìyàn fara balẹ̀ ka ohun tí òfin náà wí. Kò sọ pé Gómìnà lè lé ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú kúrò ní ìlú. Ó wí pé bí ẹnì kan bá jẹ́ olóyè, bí a bá sì ti rọ̀ ọ́ lóyè, bí ó bá sì jẹ́ pé àṣà ìlú náà ni kí olóyè tí a rọ̀ kúrò ní ìlú, nígbà náà ni Gómìnà lè pàṣẹ pé kí ó lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "bí", ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Àwọn agbẹjọ́rò Elékò ní kí ìjọba fi hàn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba dáhùn pé Gómìnà ti wò ó, ó sì ti rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kò sí ohun tí ó kan ilé ẹjọ́ níbẹ̀ mọ́. Àwọn adájọ́ Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba.

Ìdáhùn ìjọba yìí yẹ ní àyẹ̀wò dáadáa, nítorí kò tíì kú títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé Gómìnà ni yóò sọ pé ẹnì kan jẹ́ olóyè, tí òun náà yóò sì sọ pé a ti rọ ẹni náà, tí òun náà yóò sì tún sọ ohun tí àṣà Èkó jẹ́, tí kò sí ẹni tí ó lè yẹ ọ̀kankan wò nínú wọn, kí ni òfin náà wá dí lọ́wọ́? Ó lè pe aláṣọ òkè ní olóyè lọ́la kí ó sì lé e lọ sí Sókótó. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan ni òfin fún Gómìnà. Òun wá ń fi ṣí gbogbo ilẹ̀kùn tí ó wà ní àdúgbò.

Àwọn ará Èkó kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà sùn. Wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀n, sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ẹjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà máa ń dé kẹ́yìn ní ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n gbé e débẹ̀. Ní ọdún 1928 ìgbìmọ̀ náà gbà pé bí adájọ́ kan bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí a fi sí àhámọ́, ẹni náà lè tọ adájọ́ mìíràn lọ. Ní ọdún 1931 ni ìdájọ́ ńlá náà wá dé, Lord Atkin ni ó sì kà á. Ohun tí ó wí kò ṣòro láti yé ọmọdé: òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè fi ọwọ́ kan òmìnira ènìyàn tàbí ohun ìní rẹ̀ àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin fún un ní àyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹnì kan jẹ́ olóyè, bóyá a rọ̀ ọ́, bóyá àṣà ní kí ó lọ, ilé ẹjọ́ ni yóò wádìí gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí adájọ́ máa sá fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba ni ó wà lápá kejì. Ó fi kún un pé ìtẹ́wọ́gbà àwọn ènìyàn ìlú ni ó ń sọ àṣà di àṣà. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí pé ìjọba amúnisìn fẹ́ràn láti máa fi àṣà dá àwọn ènìyàn lẹ́kun, kí àwọn fúnra wọn sì jẹ́ ẹni tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé Elékò jàre nínú gbogbo ohun tí ó wà láàárín òun àti ìjọba. Ó dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó pé kí a ṣe ìwádìí náà ni. Ìwádìí náà kò tilẹ̀ parí. Donald Cameron ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà ní ọdún náà, ó wo ọ̀ràn náà, ó sì jẹ́ kí Elékò padà wálé. Sánúsí Olúsì, tí ó wà lórí ìtẹ́ lẹ́yìn ikú Akítóyè, kúrò ní Ìgà Ìdúngánràn fún un. Agbára ìlò-òye ni Cameron náà lò, agbára Gómìnà kan náà tí a fi lé ọba lọ ni ó sì fi mú un padà. Inú Èkó dùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ti lọ, Èṣùgbàyí sì wàjà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1932. Ilé ẹjọ́ lè dá ọba padà sí ààfin. Kò lè dá ọdún mẹ́fà padà fún ẹnikẹ́ni.

Lord Atkin kan náà tún dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1941, nígbà tí ogun Hitler gbóná tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń ti àwọn ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́. Òfin ogun wí pé mínísítà lè ti ẹnì kan mọ́lé bí ó bá ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n wá láti gbà pé ẹni náà léwu. Nínú ẹjọ́ Liversidge, adájọ́ mẹ́rin ní bí mínísítà bá ti gbà pé òun ní ìdí, ó parí. Atkin nìkan ni ó ní kí a wò ó bóyá ìdí náà wà. Ẹnì kan sí mẹ́rin ni, ó pàdánù. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn jẹ́wọ́ pé òun ni ó gba ọ̀nà tí ó tọ́.

Ní Nàìjíríà òde òní, ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń bá agbára yìí pàdé ni orí ilẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà pé kí ó máa bá àwọn ènìyàn tọ́jú rẹ̀. Ó lè gba ilẹ̀ padà bí ire gbogbo ìlú bá béèrè fún un, bí i kí a la ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí a ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó kan ní orúkọ ìlú, tí ilé ọlọ́rọ̀ kan yóò sì hù níbẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wí ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Osho, pé ohun tí òfin kà sílẹ̀ nìkan ni gómìnà lè torí rẹ̀ gba ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbàkúgbà ni. Ọ̀rọ̀ Elékò ni ó tún jáde báyìí, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ mìíràn.

Ṣùgbọ́n àyè kan wà tí ilé ẹjọ́ ti kọ̀ láti wọ̀. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba ní agbára láti dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró nígbàkígbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Ó ní kí ó máa wo ire ìlú àti òdodo bí ó bá ń ṣe é, kí ó sì máa wò ó kí a má ṣe lo ilé ẹjọ́ ní ìlòkulò. Ní ọdún 1983, nínú ẹjọ́ Ilori, ẹni tí ó pe ẹjọ́ sọ pé Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó kò ro ire ìlú rárá kí ó tó dá ẹjọ́ náà dúró. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, ẹni tí ìgboyà rẹ̀ kò ṣe é jiyàn lé lórí, ni ó ka ìdájọ́ tí ó ṣíwájú. Ó ní ilé ẹjọ́ kò lè bi Agbẹjọ́rò Àgbà ní ìdí. Bí ó bá ṣi agbára náà lò, ẹni tí ó fi í sípò lè yọ ọ́, aráyé sì lè bá a wí.

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí adájọ́ náà, ìtùnú kékeré ni èyí. Ta ni ó ń fi Agbẹjọ́rò Àgbà sípò? Gómìnà tàbí Ààrẹ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ gómìnà ni a fẹ́ gbà sílẹ̀, ṣé gómìnà náà ni yóò wá yọ ẹni tí ó gbà á? Ní ti ìbáwí aráyé, aráyé kò lè bá ẹnì kan wí lórí ìdí tí kò sọ. Àwọn kan yóò wí pé bí a bá ní kí olóyè máa sọ ìdí gbogbo ohun tí ó ṣe, iṣẹ́ ìjọba yóò dúró, àṣírí ìlú yóò sì máa tú. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ọlọ́pàá kò lè kọ ìwé ìdí fún gbogbo awakọ̀ tí ó bá jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí Agbẹjọ́rò Àgbà ń dá dúró kò pọ̀ bí ọkọ̀ ojú ọ̀nà, gbólóhùn mẹ́ta sì tó láti fi sọ ìdí kan. Níbi tí àṣírí bá wà lóòótọ́, adájọ́ lè gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Àwọn aṣòfin ni wọ́n lè tún èyí ṣe, ó sì ti pẹ́ tí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é.

Èyí tí ó wúwo jù nínú gbogbo agbára wọ̀nyí ni ti ìdáríjì. Gómìnà lè dárí ji ẹni tí a dá lẹ́bi ikú, ó lè dín ìyà rẹ̀ kù, ó sì lè fọwọ́ sí ìwé pé kí a pa á. Òfin ní kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀ràn lọ ìgbìmọ̀ kan kí ó tó dárí jì. Òfin kò sọ ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, a yẹgi fún ẹni mẹ́rin ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Benin lẹ́yìn tí gómìnà ti fọwọ́ sí i. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé gómìnà kò fọwọ́ sí ikú, kò sì fọwọ́ sí ìyè. Yóò parí ọdún rẹ̀ lórí oyè, yóò sì fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì fún ẹni tí ń bọ̀. Ó lè rò pé òun kò tíì lo agbára náà. Ó ti lò ó.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti rí i pé ìdúró náà jẹ́ ìyà. Nínú ẹjọ́ kan láti Jàmáíkà ní ọdún 1993, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀n wí pé bí ó bá lé ní ọdún márùn-ún tí a ti dájọ́ ikú fún ẹnì kan tí a kò sì pa á, ó fẹ́rẹ̀ dájú pé ìwà òǹrorò ni láti pa á lẹ́yìn náà. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Uganda wí ní ọdún 2009 pé bí ọdún mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti dé òpin, kí ìdájọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére. Kò sí ohun tí ó ní kí Ìwé Òfin Nàìjíríà má lè dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún gómìnà. Títí a ó fi dá a, ẹlẹ́wọ̀n náà yóò máa gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ ní òròòwúrọ̀ bí àwọn wọ́dà bá ń bọ̀, kì yóò sì mọ̀ bóyá oúnjẹ ni wọ́n gbé lọ́wọ́ tàbí ìwé náà.